Èkùrọ́ Mẹ́ta Lẹ́nu Ihò

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn ológbò Gowon Estate wọ ìlú wa láàárọ̀, wọ́n pa ẹni mọ́kànlá, Fàdìlàt jagunjagun sì kú sí ìta. Gbogbo yín lẹ mọ ọjọ́ náà. Gbogbo yín lẹ sì mọ ohun tí mo sọ fún yín ní ọjọ́ kejì rẹ̀, pé Fàdìlàt ló ta ojú ọ̀nà wa fún ọ̀tá. Irọ́ ni mo pa. Mo ti ru irọ́ náà fún ọdún mẹ́rin, ó sì ti wúwo ju ara mi lọ. Eyín mi ti tán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mi méjèèjì kò gbé mi mọ́, n kò sì rò pé ojú mi yóò rí òjò tó ń bọ̀. Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí òtítọ́ jáde lẹ́nu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu náà ti rùn.

Èmi ni Olúrẹ̀mí, ẹmọ́ tí ẹ fi jẹ olórí ìlú. Àwọn ọmọdé tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè má mọ ibi tí mo ti wá. Láàárín àwa ẹranko ilẹ̀ yìí, orúkọ ẹnìkan nínú ilé tí wọ́n bá bí ọ sí lábẹ́ rẹ̀ ni wàá máa jẹ́. Abẹ́ pákó kíláàsì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Tíṣà wọn, obìnrin Èkìtì kan tó máa ń sọ pé, "Ẹ tún un kà, kò sẹ́ni tó ń lé yín," ló ni orúkọ tí mò ń jẹ́. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kà àti bí a ṣe ń kọ. Ní ọdún tí ìyá mi kú, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi jẹ ṣọ́ọ̀kì, nítorí kò sí ohun mìíràn tó ń já bọ́ láti òkè. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi rìn láti ibẹ̀ dé irà tó wà lẹ́yìn Ìdímù, níbi tí ìlú wa wà lábẹ́ ilé tí wọn kò kọ́ tán. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni mo fi sílẹ̀ fún pańpẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé, ìlú gbà mí, wọ́n sì ń pè mí ní Tíṣà. Àwọn kan ń fi ọ̀wọ̀ pè é, àwọn kan ń fi yẹ̀yẹ́ pè é. Mo mọ àwọn tó ń fi yẹ̀yẹ́ pè é lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́, mi ò gbàgbé.

Òkété ni Fàdìlàt. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ìdímù ni wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi jáde lọ jà láìkọ́kọ́ fi ìrì fọ ojú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bú u, pé òkété, báyìí ni ìwà rẹ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí, pé òkété a máa bá ẹni mulẹ̀ tán, a sì tún da ẹni náà. Kì í bínú. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ hu ìwà náà ná, kí ẹ tó gbé e fún mi." Òun ló lé ejò kúrò nínú ihò omi abẹ́ títì. Nígbà tí omi Ìgándò kún tó ya wọ ìlú, òun ló pọn ọmọ mẹ́sàn-án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orí ògiri, tó tún padà lọ gbé ìyá arúgbó kan tó ń ṣépè fún un pé ó fa òun nírù. Òun ló dojú kọ Mẹ́jọ̀ lórí fẹ́ǹsì, ológbò pupa tí sọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ lórúkọ, ọ̀gá gbogbo ológbò Gowon Estate, ó sì bu etí òsì rẹ̀ jábọ́. Iṣẹ́ akin méje ló ṣe. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Ìyá Sìdíkátù, ẹdá arúgbó tó ń dá orin fún ìlú, dá ẹsẹ orin kan. Èyí tó dá fún ti etí náà ni pé, "Fàdìlàt bu etí ológbò, ó fi ṣe gèlè fún ọmọ tuntun." Àwọn ọmọdé a máa fi jó.

Ẹ mọ àṣà wa. Jagunjagun kì í dá nìkan jáde. Ní ọjọ́ ogun, gbogbo ọmọ ìlú ni wọ́n ń kó sínú ihò jagunjagun, nítorí òun ni ihò rẹ̀ jìn jù. Bó bá ti jáde, ẹnìkan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ yóò dúró sínú, yóò fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò náà, yóò sì dùbúlẹ̀ tì í títí ogun yóò fi parí. Adíhò là ń pè é. Bí jagunjagun bá padà, yóò họ erùpẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dákẹ́, yóò tún họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, adíhò yóò sì ṣí i. Nínú gbogbo ìlú, èmi ni Fàdìlàt mú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó ní, "Ìwọ ni o máa ń ka nǹkan tán kí o tó sọ̀rọ̀." A gbẹ́ ilẹ̀, a da omi sí i, a jọ mu ún. Ó ní, "Tíṣà, èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. O ti di ẹ̀wà mi nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ogun dé, kó tó jẹun, kó tó fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, yóò pọ èkùrọ́ mẹ́ta jáde láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú mi. Ibikíbi tó bá ti jà ni yóò ti ṣa wọ́n. Ó ní ìpín adíhò nìyẹn. Kò sí àṣà tó pa á láṣẹ fún un. Òun ló dá a sílẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi dí ihò fún un. Ní ọjọ́ tí Ìyá Sìdíkátù fẹ́ dá ẹsẹ keje, mo bá a sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Mo ní, "Ìyá wa, ṣé kò yẹ kí orúkọ adíhò wọ inú orin náà níbì kan?" Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí ni kí n wá kọ? Pé ó dùbúlẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó tún dùbúlẹ̀?" Ìlú rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ má gbàgbé ibi tó ti hanrun o." Wọ́n tún rín in. Mo wo Fàdìlàt. Fàdìlàt náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ilé, ó bẹ̀ mí, ó ní, "Má jẹ́ kó dùn ọ́, jàre. Èmi tí mò ń họ erùpẹ̀ mọ ẹni tó ń ṣí i." Mo ní kò dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dá orin náà, mo máa ń kúrò níbẹ̀. N kò gbọ́ ẹsẹ keje rí títí di òní. Ẹ rí i bí nǹkan kékeré ṣe ń sọ ẹ̀dá di ẹranko burúkú. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín lásán.

Richard ló rí ojú mi. Ẹ ó rántí Richard, asín tí wọ́n bí lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù vọ́kánáísà kan ní Ìkòtún. Ó jù mí lọ, bọ̀dá ni mò ń pè é. Ológbò kì í jẹ asín nítorí òórùn rẹ̀, nítorí náà ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dé, Richard ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó máa ń sọ pé, "Òórùn mi ni páàsì mi." Ó wá bá mi ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án, ó ní, "Tíṣà, ta ló ń kọrin fún ẹni tó ń dí ihò?" Mo ní, "Bọ̀dá Richard, kí lẹ fẹ́?" Ó ní, "Èmi ò fẹ́ nǹkan kan. Mẹ́jọ̀ ló fẹ́ nǹkan. Etí rẹ̀ ló ń dùn ún. Òun àti Fàdìlàt nìkan ni, kò ní bá ẹlòmíràn jà. Bó bá ti gba ẹ̀san tán, àwọn ológbò kò ní tẹ irà yìí mọ́. Ìlú á sinmi, ìwọ tó mọ̀wé lo sì máa darí rẹ̀." Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" Ó ní, "Àní o ò ní ṣe nǹkan kan. Bó bá họ erùpẹ̀, má ṣí i. Ṣé ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn ti di apani ni?" Mo ní kó jáde nílé mi. Ó jáde. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, n kò lé e mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mo lọ wá a lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé Fàdìlàt nìkan ni. Ó ní, "Fàdìlàt nìkan ni. Àbí o rò pé mo fẹ́ kí wọ́n jẹ ìlú tí mò ń gbé?" Mo gbà á gbọ́, nítorí ó wù mí kí n gbà á gbọ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó dá ní kùtùkùtù. Oòrùn ti yọ nígbà tí wọ́n ké pé àwọn ológbò ti dé òpin Ìdímù. A kó àwọn ọmọ wọnú ihò, ọmọ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ Fàdìlàt wà nínú wọn, Ọláwùmí, ojú rẹ̀ kò tíì là. Ọ̀rẹ́ Fàdìlàt kan tó ń gbé lábẹ́ ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláwùmí ló gbà á tọ́jú nígbà oyún rẹ̀, ibẹ̀ ló bí i sí, ìdí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Fàdìlàt fi ìrì fọ ojú, ó fi imú kan orí ọmọ náà, ó wá kọjú sí mi. "Tíṣà, mi ò ní pẹ́." Ó jáde. Mo dí ihò. Mo dí i ju bí mo ti ń dí i tẹ́lẹ̀ lọ, mo kó òkúta sí i. Mo gbọ́ ariwo ìjà náà láti inú ilẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ariwo mìíràn láti apá ibòmíràn, láti ojú òpó tó wọ àárín ìlú, níbi tí ológbò kankan kò dé rí. Mo gbọ́ ohùn àwọn tí mo mọ̀. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Sìdíkátù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Richard kò ta Fàdìlàt nìkan. Ó fi ojú òpó ìlú han Mẹ́jọ̀, èmi náà sì wà lára ọjà tó tà. Àyè ṣì wà fún mi láti tún un ṣe. Bí mo bá ṣí ihò ní wákàtí yẹn, bí Fàdìlàt bá rí ibi mí sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ì bá tún jáde lọ bá wọn lójú òpó náà. Mò ń rò ó lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọ. Ó họ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́. Ó họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà yẹn, kì í ṣe ti ológbò mọ́. Ẹ̀rù ojú rẹ̀ ló ń bà mí. Mo rò pé bó bá wọlé, tó wò mí lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ̀. Ó tún họ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lóde mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, èmi ni." Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tíṣà, ìyá wa ti dé." Mo fi ìrù mi bò ó lẹ́nu. Fàdìlàt dúró. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí nǹkan ti gún nínú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní, "Ó dáa. O káre. Wọ́n ti sún mọ́ wa jù, má ṣí i." Ó rò pé iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Ó rò pé nítorí àwọn ọmọ ni mo ṣe sé e mọ́ ìta. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí ẹnu ihò. Nígbà tó jìnnà tán ló wá pariwo, ó ń pe Mẹ́jọ̀ lórúkọ, ó ń bi í léèrè etí rẹ̀, kí gbogbo wọn lè tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀nà ibòmíràn. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ariwo tó wà ní àárín ìlú náà dákẹ́, wọ́n ti sáré lọ bá ọ̀gá wọn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ́kù ní ọjọ́ náà, ohun tó jẹ́ kí ẹ ṣẹ́kù nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ tòrò, mo ṣí ihò. Èkùrọ́ mẹ́ta wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tò wọ́n sílẹ̀ kó tó lọ, ẹ̀jẹ̀ wà lára ọ̀kan. Ìpín mi ni. Àwọn ọmọ ń jáde lẹ́yìn mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí èkùrọ́ náà, kí wọ́n má bàa bi mí pé ta ló kó wọn síbẹ̀ àti ìgbà wo ló dé. N kò ju wọ́n nù. Ebi ń pa mí, mo jẹ wọ́n. Mo pa ti ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí mo fi jẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́ inú mi bí ọgbẹ́ tí aráyé dá sí mi lára. Ti èkùrọ́ mẹ́ta yìí, èmi ni mo dá a sí ara mi.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ni ibi náà parí sí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a sin àwọn mọ́kànlá tán, ẹ bi ara yín pé ta ló fi ojú òpó han ológbò. Richard jókòó sí iwájú, ó ń sunkún ju àwọn tó ṣọ̀fọ̀ lọ. Mo fa á sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ tàn mí." Ó ní, "Mo tàn ọ́. Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún, kí lo sì máa sọ pé ìwọ ń ṣe nígbà náà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Òkété ló kú, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìwọ ṣá kà á jáde." Mo dìde níwájú yín. Mo ní Fàdìlàt kò padà sí ẹnu ihò rárá. Mo ní mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, tó ń pe Mẹ́jọ̀ ní orúkọ. Òtítọ́ ni èyí kejì, òun ló sì gbé irọ́ àkọ́kọ́ ró. Mi ò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́. Ẹnìkan ní, "Òkété, báyìí ni ìwà rẹ," gbogbo àwùjọ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ ò sì bi àwọn ọmọ kékeré tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ihò. Ká ní ẹmọ́ ló kú tí òkété sì jẹ́rìí, ẹ̀ bá ti bi òkété náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò fi èyí dá ara mi láre. Nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní bi mí ni mo ṣe pa irọ́ náà.

Ẹ fi mí jẹ olórí. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo pa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orin Fàdìlàt mọ́, bẹ́ẹ̀ Ìyá Sìdíkátù tó dá a ti wà lára àwọn mọ́kànlá. Richard kò pẹ́ ní ìlú. Wọ́n ní ó wà lábẹ́ afárá Abúlé Ẹ̀gbá, ó sanra, ó sì ní ọmọ tó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí, mi ò retí ohun mìíràn.

Ní ti Ọláwùmí, ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó máa gbé ìlú, ẹ ò jẹ́ kó bá yín jẹun. Láti ìgbà tí eyín mi ti ká, òun nìkan ló ń wá pa èkùrọ́ fún mi, nítorí wọ́n sọ fún un pé èmi ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ihò lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe ohun ìtìjú, àti pé mo gbà á là. Oṣù tó kọjá, Mẹ́jọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí irà. Ọláwùmí ní òun yóò jáde bá a. Kò sí ẹnìkan nínú yín tó gbà láti dí ihò fún un. Ẹ ní ta ló ń bá òkété mulẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ fẹ́ jókòó láti lé gbogbo ìdílé òkété kúrò ní ìlú, ẹ sì rán ẹni wá pé kí n fi ọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó jókòó tì mí, ó ń pa èkùrọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti kọ ọ́ yìí. Nígbà tí mo dé ibi èkùrọ́, ó ní, "Mẹ́ta ni, bàbá?" Mo ní mẹ́ta ni. "Ẹ jẹ wọ́n?" Mo ní mo jẹ wọ́n. Ó pa èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó gbé e síwájú mi bó ti máa ń ṣe, ó dìde. Mo ní, "Ọláwùmí, kí ni kí n ṣe?" Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu yín ò tó. Ẹnu yín ló sọ tìjọ́sí." Kò tíì padà wá láti ọjọ́ náà. Èkùrọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé nínú àwọn tí mo kọ́, kó ka èyí sókè lọ́jọ́ Àìkú. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dárí jì mí, ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí níbí láti dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọdé, bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bínú níbẹ̀, ẹ bínú tán níbẹ̀, ẹ má gbé e délé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má lé òkété. Kí ẹnìkan dí ihò fún Ọláwùmí, bó bá sì padà wá họ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan, kó ṣí i.

Mo fẹ́ kọ orin Fàdìlàt sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí kí ẹ lè máa kọ ọ́. Mo ti bi gbogbo arúgbó tó kù. Ẹsẹ méje ni orin náà ní, ti etí ológbò nìkan ni èmi àti wọn ṣì rántí.